Ṣé ògiri abẹ́ ilẹ̀ lè fọ omi tó ti ní májèlé mọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wà lápá òkè ilẹ̀ wa, ó ti kógbá wọlé tipẹ́. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń fọ gíríìsì kúrò lára irin nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí a gbé omi kànga wa lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní TCE (trichloroethylene), irú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gíríìsì, wà nínú rẹ̀, 640 máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí a jẹ́ kí òun gbẹ́ yàrà, kí òun mọ ògiri amọ̀ sí abẹ́ ilẹ̀ láàárín àwa àti ilé iṣẹ́ náà. Èkejì ní ẹ̀rún irin ni òun máa dà sínú yàrà, pé omi á máa gba inú irin kọjá, á sì mọ́. A ò mọ èyí tí a máa gbà. Ṣé lóòótọ́ ni ògiri ń fọ omi? Báwo ni yàrà tó jìn tó mítà 10 ò ṣe ní ya lulẹ̀? Tí wọ́n bá sì ṣe é tán, ṣé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn?

Ìdáhùn

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa yàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́, ẹ má sì fi dáná. Ẹ má rò pé bí ẹ bá sè é, yóò di mímu. TCE kì í ṣe kòkòrò tí iná ń pa. Ṣe ló máa ń bá ooru jáde kúrò nínú omi, á kún inú yàrá, ẹ ó sì máa fà á símú. Ohun kan náà ló mú kí ìwẹ̀ omi gbígbóná nínú ilé tó sé pa léwu. Òdiwọ̀n tí EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún omi mímu ni 5 máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Tiyín jẹ́ 640, ìyẹn ìlọ́po 128. Ẹ wá omi síbòmíràn lónìí, kí ọ̀rọ̀ ògiri tó tẹ̀ lé e.

Ó wá kan ìbéèrè yín. Ògiri amọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ sọ kì í fọ omi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dá omi dúró tàbí kó darí rẹ̀ gba ibòmíràn. Ògiri irin tí èkejì sọ ń fọ omi lóòótọ́, àmọ́ omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ni. Èyí tó bá gba abẹ́ rẹ̀ tàbí tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po, bó ṣe wà ni yóò ṣe dé kànga yín. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú àwọn agbaṣẹ́ṣe náà tó lè sọ pé tòun ló yẹ yín bí kò bá tíì mọ ohun méjì: ọ̀nà tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ yín, àti irú ilẹ̀ tí omi náà jókòó lé. Bí ẹnì kan bá ti mú iye owó wá láì tíì gbẹ́ ihò àyẹ̀wò kankan, ẹ má tíì bá a dé ìdí àdéhùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ilẹ̀ bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ lójú ni omi abẹ́ rẹ̀ náà ṣe ń ṣàn. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé owó lé. Kànga àyẹ̀wò mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan ṣoṣo ló kéré jù tí a fi lè mọ ibi tí omi kọjú sí. A ó wọn gíga ojú omi nínú kọ̀ọ̀kan wọn lọ́jọ́ kan náà, a ó sì fi wọ́n wéra. Mẹ́ta yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà òjò, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí odò tó bá kún nítòsí lè yí ojú omi padà fún oṣù mélòó kan, ògiri tí a mọ sí ojú ọ̀nà omi ọ̀gbẹlẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásán nígbà òjò.

Lẹ́yìn ojú ọ̀nà ni eré. Láti 1856 ni Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé tó ṣe iṣẹ́ omi ìlú Dijon, ti tẹ ìlànà tí a ṣì ń lò títí di òní jáde. Ẹ jẹ́ ká ní iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ yín jẹ́ irú èyí tí omi lè gbà ní mítà 10 lójúmọ́ bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, pé ojú omi fi mítà 5 dagẹ̀rẹ̀ nínú mítà 1,000, pé ìdá kan nínú mẹ́rin iyanrìn náà sì jẹ́ àyè tí omi ń gbà. Ẹ sọ 10 di púpọ̀ ní ìlọ́po 0.005, kí ẹ fi 0.25 pín in: 0.2 mítà lójúmọ́, nǹkan bíi mítà 73 lọ́dún. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

TCE tún ní ìwà kan tó yàtọ̀ sí ti epo bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù máa ń léfòó sójú omi abẹ́ ilẹ̀. TCE fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì wúwo ju omi lọ, nítorí náà bí ó bá ṣẹ́kù tí kò tíì yòrò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ títí yóò fi kan amọ̀, á wá máa yọ́ tẹ̀ lé bí ojú amọ̀ náà ṣe dagẹ̀rẹ̀. Ó lè lọ sí ibi tí omi fúnra rẹ̀ ò kọjú sí rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè nípa ìsàlẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Ògiri tó ga dáadáa lápá òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé amọ̀, ibi tí májèlé yìí pọ̀ sí jù lọ ló ṣí sílẹ̀ fún un.

Báwo ni yàrà jíjìn ò ṣe ní ya lulẹ̀? Wọn kì í gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ. Bí katapílà ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ bẹ́ńtónáìtì kún un. Irú amọ̀ kan tó máa ń wú gan-an bí ó bá rí omi ni bẹ́ńtónáìtì. Wọ́n á fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ po omi, ó wá di ẹrẹ̀ ṣíṣàn tó ki díẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kún yàrà ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kéré tán ní mítà kan, kí ó lè máa ti ara ògiri yàrà síta lọ́sàn-án lóru. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọ inú iyanrìn ẹ̀gbẹ́, amọ̀ inú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ jò lọ tán, òun náà ni ẹrẹ̀ fi ń rí ibi tì. Bí ojú ẹrẹ̀ bá ṣàdédé lọ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì fà á, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí wọ́n tètè bù sí i.

Àrọ kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ẹrẹ̀ náà wò, àrọ Marsh ni wọ́n ń pè é. Ẹ bu ẹrẹ̀ kún un, ẹ ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi da nǹkan bí 0.95 lítà sínú ife. Omi lásán á gba ìṣẹ́jú àáyá 26. Ẹrẹ̀ tó dára máa ń tó 40 tàbí kó lé díẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò gba ohun èlò olówó ńlá ni, kò sì sí àwáwí fún agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ tí ẹ kò rí àrọ yìí, tí ẹ kò sì rí ìwé tí wọ́n ń kọ èsì rẹ̀ sí, ẹ béèrè.

Nígbà tí yàrà bá ti gùn díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi erùpẹ̀ tí wọ́n ti po mọ́ bẹ́ńtónáìtì dí i láti ìdí kan, katapílà á sì máa gbẹ́ lọ níwájú. Àpòpọ̀ yìí gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé bí wọ́n bá fi kóòǹ tí wọ́n fi ń yẹ kọnkéré wò wọ̀n ọ́n, yóò wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ó gbọ́dọ̀ yọ̀ lọ sísàlẹ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ̀ èyí tó ti wà níbẹ̀, kó máa ti ẹrẹ̀ síwájú. Wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú sínú ẹrẹ̀ láti òkè wá. Bí ó bá já gba inú ẹrẹ̀ kọjá, á ká ẹrẹ̀ mọ́ abẹ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ á sì di ihò nínú ògiri tí ojú ò lè rí láé. Bí ẹrẹ̀ inú yàrà bá sì ti kó iyanrìn jọ tó fi wúwo tó àpòpọ̀ náà, àpòpọ̀ kò ní lè tì í kúrò. Nígbà náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ iyanrìn kúrò nínú ẹrẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìsàlẹ̀ yàrà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri ti ń kùnà. Ẹsẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ wọ inú amọ̀ tó 0.6 sí 1 mítà. Ta ló máa sọ pé ó ti wọ̀ ọ́? Kì í ṣe ẹni tó ń wa katapílà, torí ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ibẹ̀, òun náà ò rí nǹkan kan. Ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó mú nínú ohun tí irin katapílà gbé jáde láti ìsàlẹ̀, kó sì gbìyànjú láti yí i sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́. Iyanrìn á fọ́ká. Amọ̀ gidi á ṣeé yí, á sì dúró. Kí ó ṣe èyí ní gbogbo mítà mélòó kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì jù okùn ìwọ̀n tó ní irin wúwo ní ìdí sísàlẹ̀ láti mọ bí ó ṣe jìn. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dí ibẹ̀, kí ó tún wọ̀n ọ́n. Iyanrìn tó wà nínú ẹrẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ lóru. Bí ìsàlẹ̀ tó jẹ́ mítà 10 lánàá bá di mítà 9.7 lónìí, iyanrìn ti sùn lé amọ̀ lórí ní 0.3 mítà. Bí wọ́n bá dí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti gba ẹ̀bùrú lábẹ́ ògiri náà jákèjádò ibẹ̀.

Ẹ lè rò pé mo ń ṣe àṣejù lórí 0.3 mítà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ògiri bẹ́ńtónáìtì tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń jẹ́ kí omi kọjá ní nǹkan bíi ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá nípọn ní 0.9 mítà, tí omi ẹ̀gbẹ́ kan sì fi 0.9 mítà ga ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ohun tí yóò gba ojú ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan kọjá lọ́dún kan gbáko jẹ́ nǹkan bíi lítà 30. Ẹ wá jẹ́ kí ihò kan wà níbì kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí iyanrìn wa òkè yẹn kún inú rẹ̀. Ní ìdagẹ̀rẹ̀ 5 nínú 1,000 pàápàá, ó lé ní lítà 18,000 tí yóò gba ibẹ̀ lọ́dún. Ihò kan ṣoṣo yìí ń jẹ́ kí omi kọjá ju ohun tí mítà onígun mẹ́rin 500 ògiri tó dára ń jẹ́ kó kọjá lọ. Nítorí náà, bí agbaṣẹ́ṣe bá ń fi èsì láàbù hàn yín pé àpòpọ̀ òun kì í jẹ́ kí omi kọjá, ẹ yìn ín, kí ẹ sì béèrè ìwé ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yàrà.

Ibi tí ìsàlẹ̀ kì í ti í ṣe amọ̀, tó jẹ́ àpáta, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Ní Gilson Road, ní Nashua, ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ògiri bẹ́ńtónáìtì yí nǹkan bí éékà 20 ká ní 1982, wọ́n sì bo orí rẹ̀. Ògiri náà dín omi tó ń jáde kù, àmọ́ àpáta ìsàlẹ̀ sán, májèlé sì ń gba ojú sísán náà lọ. Wọ́n ní láti máa fa omi inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe yín bóyá ohun tó ń pè ní ìsàlẹ̀ tó dí jẹ́ amọ̀ tó wà káàkiri láìjá, àbí àpáta tí kò sí ẹni tó tíì dán wò.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé wọ́n mọ ògiri náà dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ amọ̀. Ògiri gbọọrọ kan láàárín yín àti ilé iṣẹ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún yín, kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Omi tó ń bọ̀ láti òkè kò ní dáwọ́ bíbọ̀ dúró. Yóò ru sókè lẹ́yìn ògiri, yóò sì yí orí rẹ̀ méjèèjì po. Ẹ lè rí omi tó mọ́ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ ti ti májèlé sí ilẹ̀ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì, tó bá sì yá, ó lè tún ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ yín. Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́: ẹ má gba iṣẹ́ yẹn bó ṣe wà.

Bí a bá fẹ́ kí ògiri dídí ṣiṣẹ́, a máa ń fi yí orísun májèlé náà ká ni, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí a bá sì ti yí i ká, ó ti di abọ́ tí a gbé sójú òjò. Bí a kò bá bò ó, yóò kún, yóò sì ṣàn jáde. Torí náà a máa ń fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá bo orí ilẹ̀ náà, a sì máa ń fa omi inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ojú omi inú lè máa wà nísàlẹ̀ ju ti ìta lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi yòówù tí ògiri bá ti ń jò, ìta ni omi yóò ti máa jò wọlé. Omi tí a fà náà gbọ́dọ̀ di fífọ̀. Ní Rocky Mountain Arsenal, nítòsí Denver, níbi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ṣe kẹ́míkà ogun rí, ògiri bẹ́ńtónáìtì, kànga tó ń fa omi àti èédú tó ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ààlà ìhà àríwá. Ní Fukushima ní Jàpáànù pàápàá, níbi tí wọ́n ti dì ilẹ̀ di yìnyín láti 2016 yí àwọn ẹ̀rọ iná átọ́míìkì tó bàjẹ́ ká, ní gígùn nǹkan bíi kìlómítà 1.5 àti jíjìn mítà 30, wọn ò tíì torí ẹ̀ pa pọ́ọ̀ǹpù.

Ó kan irin. Iṣẹ́ Robert Gillham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà ló jẹ́ ká máa lò ó báyìí. Ní 1991, wọ́n dán an wò ní ibùdó ológun Borden ní Ontario, wọ́n da ẹ̀rún irin tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn sójú ọ̀nà omi tí wọ́n mọ̀ pé TCE wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 TCE náà ni kò jáde lódì kejì. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ tó ń yí. Bí irin ṣe ń dípẹtà nínú omi tí kò ní afẹ́fẹ́ ni ó ń gba kílórínì inú TCE kúrò lára rẹ̀, ohun tó sì kù nígbẹ̀yìn kò léwu tó TCE rárá. Ní Elizabeth City, North Carolina, ní 1996, ní ibùdó àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ tó gùn ní mítà 46, tó jìn ní mítà 7.3, tó sì nípọn ní 0.6 mítà, láti fi dènà TCE àti kúrómíọ̀mù. Ẹ̀rọ kan tó ní ṣéènì gígùn ló ń gé ilẹ̀ tó sì ń da irin síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò lò ju ọjọ́ kan lọ lórí rẹ̀.

Ìnípọn irin ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹ tẹ̀ mọ́ agbaṣẹ́ṣe kejì lára. Láti 640 sí 5, TCE gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì nígbà méje. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wákàtí 6 ló ń gbà kó tó dín sí ìdajì nínú irin, wákàtí 42 ni omi gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀. Ní 0.2 mítà lójúmọ́ tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn jẹ́ 0.35 mítà, yàrà tó fẹ̀ ní 0.6 mítà á sì tó. Àmọ́ bí eré omi bá di ìlọ́po méjì nígbà òjò, 0.7 mítà ni ẹ nílò, 0.6 ò wá tó mọ́. Ó tún ku àwọn ọmọ tí TCE ń bí kó tó pòórá, pàápàá vinyl chloride. Òdiwọ̀n tiẹ̀ nínú omi mímu jẹ́ 2 máíkírógíráàmù nínú lítà kan ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó parẹ́ ju TCE lọ. Òun ló yẹ kí wọ́n fi ṣírò ìnípọn. Kí wọ́n bu omi kànga yín gan-an, kí wọ́n máa jẹ́ kó gba inú irin tí wọ́n fẹ́ lò kọjá ní láàbù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èsì tí wọ́n rí níbòmíràn kò lè rọ́pò èyí, torí omi kò jọra.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan nípa yàrà irin. Bí wọ́n bá fi ẹrẹ̀ bẹ́ńtónáìtì gbé e dúró, amọ̀ á dí ojú irin, omi tí a fẹ́ kó wọlé á sì yí i po. Lúbúlúbú guar, tí wọ́n ń rí láti ara ẹ̀wà kan, ni wọ́n ń pò mọ́ omi dípò rẹ̀. Ó ń gbé yàrà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á da ohun tó ń fọ́ ọ sí i, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ á sì jẹ ìyókù. Agbaṣẹ́ṣe tó bá dárúkọ bẹ́ńtónáìtì fún yàrà irin kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Kì í ṣe gbogbo gígùn náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Bí májèlé bá tàn káàkiri, a lè mọ ògiri dídí sí apá méjì kí ó máa darí omi sí ẹnu ọ̀nà kan láàárín, ẹnu ọ̀nà náà nìkan ni a ó wá da irin sí. Ó ń dín iye irin kù, ó sì rọrùn láti yọ irin náà nígbà tó bá gbó. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ kó jọ gba ẹnu ọ̀nà tóóró á máa sáré níbẹ̀, torí náà irin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn sí i, ògiri ẹ̀gbẹ́ sì gbọ́dọ̀ gùn tó kí omi má yí i po.

Nípa ààbò, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ inú yàrà, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mítà kan erùpẹ̀ ní ìbú, òòró àti gíga wúwo tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Òfin OSHA, àjọ tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ yàrà ró, kí wọ́n gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé àpótí irin sínú rẹ̀ bí ó bá ti jìn tó 1.5 mítà tí èèyàn sì máa wọ̀ ọ́, àyàfi bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àpáta líle. Tiyín jẹ́ mítà 10. Kí wọ́n fi ọgbà yí i ká lóru. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde lè ní TCE nínú, torí náà kí wọ́n kó o lé tapólì, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí àdéhùn sì sọ ibi tí wọ́n máa kó o lọ àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Mo rí i pé èyí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù nínú ìwé àdéhùn.

Bí èmi bá wà ní ipò yín, kànga àyẹ̀wò ni màá kọ́kọ́ fi owó ṣe, pẹ̀lú ihò tó dé inú amọ̀ ní ibi bíi mélòó kan. Bí amọ̀ bá wà ní nǹkan bíi mítà 10 lóòótọ́, tó sì wà káàkiri, irin ni màá yàn fún ilẹ̀ yín, màá sì máa bá àwọn tó ní ilé iṣẹ́ náà àti àjọ tó ń mójú tó àyíká fà á pé kí wọ́n wú orísun májèlé náà kúrò. Bí wọn ò bá wú u, TCE tó sùn sórí amọ̀ lè máa yòrò sínú omi fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Irin náà á sì máa gbó: àwọn èròjà tó wà nínú omi máa ń dì sára rẹ̀, pàápàá ní ojú tí omi ń gbà wọlé, àyè inú rẹ̀ á máa há, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn. Kí kànga àyẹ̀wò wà lókè ògiri, nínú rẹ̀, nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ní orí rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó wà ní orí méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa bí omi bá ti ń yí i po.

Ọ̀rọ̀ ò sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí yàrà. Omi tó ti kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí kànga yín bá jìnnà sí ògiri tó mítà 150, ní mítà 73 lọ́dún, ó lé ní ọdún méjì kí omi tó mọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, yóò sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ torí TCE máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Kí wọ́n máa gbé omi kànga yín lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, TCE àti vinyl chloride méjèèjì. Títí èsì yóò fi wà lábẹ́ òdiwọ̀n nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lọ́dún méjì léra wọn, ẹ má tíì ṣí ẹ̀rọ yẹn fún ẹnikẹ́ni láti mu.